Ọjà Àgbẹ̀ ní Ìgbèríko: Bí Àwọn Baba Wa ti ń Dá A Sílẹ̀, àti Bí A ti Lè Dá A Sílẹ̀ ní Ẹkùn Arẹpo, Ibafo, Mowé àti Ìfọ̀

Bí ènìyàn bá ti Èkó gba òpópó ọ̀nà Ìbàdàn, èyí tí a ṣí ní ọdún 1978, kò ní pẹ́ tí yóò fi kọjá Arẹpo, Magboro, Ibafo àti Mowé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwòdé ti Ìpínlẹ̀ Ògùn. Abúlé àgbẹ̀ ni ibi wọ̀nyí kí ọ̀nà náà tó dé. Lónìí, ilé àwọn tí ń lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó ní òwúrọ̀, tí wọ́n sì ń padà ní alẹ́, ti bo púpọ̀ nínú ilẹ̀ oko wọn. Síbẹ̀ oko kò tí ì tán. Ní ẹ̀yìn àwọn ilé náà, ní àbàtà ẹ̀bá odò Ògùn, àti ní ọ̀nà tí ó ti Mowé wọ Ọ̀fàdà lọ, a ṣì ń gbin ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀fọ́, àti ìrẹsì tí ó ti gbé orúkọ Ọ̀fàdà dé ibi tí àwọn ará Ọ̀fàdà fúnra wọn kò dé rí. Ní ìwọ̀-oòrùn, ní òdìkejì odò náà, ni Ìfọ̀ wà, ìlú tí ó ti mọ òwò irè oko láti ọjọ́ pípẹ́.

Ẹ̀yin olùkàwé wa tí ń gbé apá ibẹ̀ ni ẹ̀rí fún ohun tí a fẹ́ sọ yìí. Ní ìrọ̀lẹ́, obìnrin àgbẹ̀ a dúró ní ẹ̀bá ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀fọ́ rẹ̀ nínú abọ́. Ọkọ̀ ń sáré kọjá. Ẹni tí ó bá dúró mọ̀ pé ilẹ̀ ń ṣú, ó sì mọ̀ pé ẹ̀fọ́ kì í sùn kí ó jí ní ọ̀tun. Nítorí náà iye tí ó wù ú ni yóò dá. Ọkọ rẹ̀ ní oko kò sàn jù ú lọ. Alágbàtà ti wá bá a ní ìdí ẹ̀gẹ́ rẹ̀, ó ti ra gbogbo ebè nígbà tí ẹ̀gẹ́ ṣì wà nínú ilẹ̀, ó sì ti lo àìní owó ilé-ìwé àwọn ọmọ láti fi já owó náà wálẹ̀. Ilé tí ó kún fún àwọn tí ó ń wá oúnjẹ wà ní ìhín, oko wà ní ọ̀hún, bẹ́ẹ̀ ni àgbẹ̀ àti ẹni tí yóò jẹ ẹ́ kò pàdé. Nígbà tí ó bá ti rí bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan, àgbẹ̀ a ta ilẹ̀ náà fún ẹni tí yóò kọ́ ilé sí i, ọ̀rọ̀ oko a sì parí nínú ìdílé náà.

Àwọn olùkọ́ àti àwọn àgbà ìjọ ti ń bi ara wọn bí a ti lè dá ọjà kékeré sílẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí. Ìdáhùn tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn púpọ̀ ènìyàn ni pé kí a kọ́ ìsọ̀. Àwa kò gbà pé ibẹ̀ ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. A mọ ìletò kan, tí a kò ní dárúkọ rẹ̀, níbi tí a kọ́ ìsọ̀ dáradára sí, tí a fi páànù bò ó, tí a sì fi ayẹyẹ ṣí i. Lẹ́yìn ọdún méjì, ewúrẹ́ ni ó ń sùn níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó dá ọjọ́ ọjà, kò sí ẹni tí ó bá àwọn àgbẹ̀ sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn obìnrin aládùúgbò kò mọ ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀. Ìtàn ilẹ̀ wa kọ́ wa pé ìpàdé ni ó ń ṣáájú ìsọ̀. Ọjọ́ tí a kò yẹ̀, àdéhùn tí a pa mọ́, owó ọjà tí kò wúwo, àti òṣùwọ̀n tí kò parọ́: àwọn wọ̀nyí ni ọjà, ìsọ̀ sì jẹ́ aṣọ tí a fi wọ̀ ọ́ nígbà tí ó bá dàgbà. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ wọ́n wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

I. IBI TÍ ỌJÀ TI Ń HÙ

Àlùfáà Samuel Johnson, olùṣọ́ ìjọ ní Ọ̀yọ́, ẹni tí ó parí ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìtàn àwọn Yorùbá ní ọdún 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ṣe àlàyé bí púpọ̀ nínú àwọn ìlú wa ti bẹ̀rẹ̀. Ọdẹ a kọ́kọ́ pa àgọ́ sí ibi tí ẹran gbé pọ̀. Àwọn obìnrin tí ó láyà a wá bá a níbẹ̀, wọn a mú oúnjẹ wá, wọn a sì gba ẹran lọ. Bí ibẹ̀ bá bọ́ sí ojú ọ̀nà èrò, èrò a máa sinmi níbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ itòsí a sì máa gbé irè oko wá fún wọn. Nígbà tí ilé bá pọ̀, tí ó di dandan kí a ní ẹni tí yóò máa parí ìjà, wọn a fi ọ̀kan nínú ara wọn ṣe Baálẹ̀.

Kí olùkàwé kíyèsí ètò náà. Ìsinmi èrò ni ó ṣáájú, pàṣípààrọ̀ tẹ̀lé e, ìṣàkóso sì tẹ̀lé pàṣípààrọ̀. Kò sí ẹni tí ó jókòó ní ààfin pàṣẹ pé kí ọjà ó hù ní àárín igbó. Lóòótọ́, ní ìlú ńlá, iwájú ààfin ni ọjà ọba máa ń wà. Ṣùgbọ́n ní ìgbèríko, ojú oríta, ẹsẹ̀ odò àti abẹ́ igi ọdán tí èrò ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ ni ọjà ti ń hù. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá bẹ̀rẹ̀ sí bá Èkó ṣòwò lẹ́yìn tí wọ́n ti tẹ Abẹ́òkúta dó ní ọdún 1830, Ìṣẹrí, tí ó wà ní etí odò Ògùn, di ibi tí ọlọ́kọ̀ ojú omi àti aláàárù ti ń pàdé, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹrù ti ń kúrò ní orí bọ́ sínú ọkọ̀.

Ìfọ̀ fi irú ẹ̀kọ́ kan náà hàn wá. Ní ọdún 1896 ni a bẹ̀rẹ̀ sí la ọ̀nà rélùwéè láti Èkó wọ inú ilẹ̀, a sì ṣí i dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Ìfọ̀ bọ́ sí ojú ọ̀nà náà. Lẹ́yìn náà ni a sì tún la ẹ̀ka kan láti ibẹ̀ lọ sí Ìlaròó àti Ìdógò. Ibi tí ọkọ̀ bá ti ń dúró ni oúnjẹ ti ń rí olùrà, ibi tí ọ̀nà méjì bá sì ti pàdé ni ẹrù ti ń di púpọ̀. Àgọ́ ọdẹ tí Johnson sọ ti di ibùdókọ̀ rélùwéè, ṣùgbọ́n òfin rẹ̀ kò yí padà.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin èyí àti òpópó ọ̀nà Ìbàdàn. A la ọ̀nà náà kí ọkọ̀ má bà á dúró ni. Nítorí náà, ó kó ilé àti ènìyàn wá sí Arẹpo àti Mowé, ó gbé owó ilẹ̀ ga, ṣùgbọ́n kò fúnra rẹ̀ fún àgbẹ̀ ní ibi tí ẹsẹ̀ èrò yóò ti rọlẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá ọjà àgbẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, kí ó fi ojú kúrò ní ẹ̀bá ọ̀nà ńlá níbi tí ẹ̀mí ọmọdé àti ti àgbà wà nínú ewu, kí ó sì wá oríta inú ìlú, níbi tí ọ̀nà oko àti ọ̀nà ilé ti pàdé, tí ọlọ́kadà lè dé, tí ọkọ̀ akẹ́rù kékeré sì lè yí padà. Kí ó bi àwọn arúgbó ibẹ̀ pé, “Níbo ni èrò ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ sinmi nígbà tí ẹ wà ní ọmọdé?” Kì í ṣe ìgbà gbogbo ni ibẹ̀ ṣì ṣófo, ṣùgbọ́n ìdáhùn wọn a máa fi ibi tí ó súnmọ́ ọn hàn.

II. ỌJỌ́ ỌJÀ

Nínú ohun gbogbo tí ń mú ọjà dúró, kò sí èyí tí ó lágbára bí ọjọ́ tí a mọ̀ ọ́n mọ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni àwọn baba wa ń kà sí ọ̀sẹ̀ kan. Nítorí pé wọn a máa ka ọjọ́ òní mọ́ ọn, wọn a pe ọjọ́ tí ọjà tún bọ́ sí ní ọjọ́ karùn-ún, wọn a sì pe ọjà bẹ́ẹ̀ ní ọjà ọrún. Nípa ìkà kan náà, ọjà ìsán ni èyí tí ń padà bọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, ìtàdógún sì ni èyí tí ń padà bọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Nípa bẹ́ẹ̀, ọjà ọrún a máa ná ní nǹkan bí ìgbà 91 ní ọdún kan, ọjà ìsán ní nǹkan bí ìgbà 45, ìtàdógún ní nǹkan bí ìgbà 22.

Ìpín yìí kò ṣe bẹ́ẹ̀ lásán. Àwọn ìlú aládùúgbò a máa pín ọjọ́ láàrin ara wọn, tí ó fi jẹ́ pé bí ọjà bá ná ní ìlú yìí lónìí, yóò ná ní ìlú kejì lọ́la, ní ìlú kẹta ní ọ̀tunla, títí yóò fi yípo padà. Bayi ni obìnrin tí ń ṣe àjàpá ti lè na gbogbo wọn, àgbẹ̀ tí ọjà rẹ̀ kò sì tà lónìí kò ní dúró pẹ́ kí ó tó tún rí ibi tí yóò gbé e lọ. B. W. Hodder, ọ̀mọ̀wé kan láti Ìlú Ọba tí ó ṣe ìwádìí àwọn ọjà ilẹ̀ Yorùbá, tí ìwé tí òun àti U. I. Ukwu kọ sì jáde ní ọdún 1969, rí i pé nǹkan bí máìlì 7 ni ó wà láàrin ọjà ìgbèríko kan àti èkejì. Ẹni tí ó ru ẹrù sí orí lè lọ kí ó sì padà ní ọjọ́ kan náà: ìwọ̀n ẹsẹ̀ obìnrin aláàárù ni a fi tò wọ́n.

Àwa tí a ń ka ọjọ́ méje sí ọ̀sẹ̀ nísisìyí ní láti ronú dáradára kí a tó mú ọjọ́. Bí ọjà ọrún bá ná ní ọjọ́ Ajé, yóò tún ná ní ọjọ́ Ẹtì. Lẹ́yìn náà ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ọjọ́rú, ọjọ́ Ìsinmi, Ọjọ́bọ̀, kí ó tó padà sí ọjọ́ Ajé. Ní ọjọ́ 28, yóò ti bọ́ sí gbogbo ọjọ́ ọ̀sẹ̀, àti ọjọ́ Ìsinmi pẹ̀lú. Èyí ti jẹ́ ìṣòro fún ìjọ láti ìgbà àwọn baba wa nínú ìgbàgbọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ìjọ nìkan. Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ oṣù kò lè rántí ọjọ́ tí ń yí kiri bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kan náà ní ọ̀sẹ̀ ni wọn a máa rántí.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa ni pé kí a kọ́kọ́ béèrè ta ni ọjà náà wà fún. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn àgbẹ̀ àti àwọn alájàpá ni yóò pọ̀ jù níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní inú oko Ọbáfẹ́mi àti ti Ìfọ̀, kí a fi ọwọ́ mú ọrún, kí a sì mú ọjọ́ tí kò ní kọlu ti aládùúgbò. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn onílé Arẹpo àti Ibafo ni a ń retí, ọjọ́ kan ní ọ̀sẹ̀ ni ó dára jù. Ìgbà 52 ni ìyẹn ní ọdún, ó sì tó fún iṣu, gààrí, ìrẹsì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ̀fọ́ nìkan ni kò lè dúró dè é. Fún ẹ̀fọ́, kí a fi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan sí i láàrin ọ̀sẹ̀. Èyí ó wù kí a mú, kí a má ṣe yẹ̀ ẹ́. Bí òjò bá ń rọ̀, kí ẹnìkan wà níbẹ̀. Bí ọlọ́jà márùn-ún péré ni ó bá wá, kí àwọn márùn-ún náà pàtẹ. Ẹni tí ó bá ti wá lẹ́ẹ̀kan tí ó bá ilẹ̀ lásán, ó ṣòro kí ó tó tún wá.

III. ÀWỌN ALÁKÒÓSO ÀTI ÀLÀÁFÍÀ ỌJÀ

Àwọn àgbà sọ pé àgbà kì í wà ní ọjà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó dára kí a kíyèsí i pé ọjà ni òwe náà mú ní àpẹẹrẹ, nítorí ibẹ̀ ni àjèjì ti ń pàdé àjèjì, tí ìjà sì lè ti ibi ohun kékeré bẹ̀rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìlú wa, Ìyálọ́jà ni ó ń ṣe olórí àwọn obìnrin. Ní abẹ́ rẹ̀ ni olórí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wà: ti aláta, ti eléèlùbọ́, ti ẹlẹ́ja, ti ẹlẹ́fọ̀ọ́. Láàrin àwọn Ẹ̀gbá, Pàràkòyí ni ẹgbẹ́ àwọn olóyè tí ọ̀rọ̀ òwò àti ọjà wà ní ọwọ́ wọn. Àwọn ni wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè àti ti ọjà tí ó ní àbùkù. Ẹ wò ó pé wọn kò fi ọ̀rọ̀ òwò lé ẹni tí kò ṣe òwò rí lọ́wọ́.

A kò gbọdọ̀ fi í pamọ́ pé ìbẹ̀rù òrìṣà wà nínú àlàáfíà ọjà àtijọ́. Kò sí ọjà pàtàkì tí a kò ti rí ojúbọ Èṣù, ẹni tí ó bá sì jà tàbí tí ó bá jalè níbẹ̀ mọ̀ pé òun ti ṣẹ ohun tí ó ju ènìyàn lọ. Ìbẹ̀rù yẹn ti dínkù púpọ̀, àwa kò sì sọ̀fọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wó ògiri àtijọ́ gbọ́dọ̀ mọ ògiri mìíràn sí ipò rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, olè ni yóò gba ibẹ̀ wọlé. Ohun tí ìbẹ̀rù ń ṣe tẹ́lẹ̀, àdéhùn tí a kọ sílẹ̀, tí a kà sí etí gbogbo ènìyàn, tí a sì ń mú ṣẹ láìwo ojú, ni yóò máa ṣe é nísisìyí.

Àwọn tí yóò mú un ṣẹ kò gbọdọ̀ pọ̀ jù. Fún ọjà kékeré, ènìyàn méje tó: àgbẹ̀ mẹ́ta, obìnrin ọlọ́jà méjì, aṣojú Baálẹ̀ kan, àti olùkọ́ kan tí yóò máa kọ ìwé. Kí a fi ọdún kan dá ìgbà fún wọn, kí a sì tún yàn. Kí wọ́n jókòó sí ibi kan tí a mọ̀ ní gbogbo ọjọ́ ọjà, kí wọ́n sì parí ìjà kí oòrùn tó wọ̀. Ìjà tí ó bá sùn a máa kó ẹbí wọnú ara rẹ̀.

IV. OWÓ ỌJÀ

Ibi yìí ni ìtàn ti kún fún ìkìlọ̀ jù. Láti àtijọ́ ni oníbodè ti ń gba owó ní ẹnu ibodè ìlú. Owó náà ní ìdí: a fi ń pa ọ̀nà mọ́, a sì fi ń bọ́ ẹṣọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí aláṣẹ méjì bá fẹ́ gba owó lórí ẹrù kan náà, ọjà a máa jìyà. Ní ọdún 1865, ìjọba tí George William Johnson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta bẹ̀rẹ̀ sí gba owó lórí ẹrù tí ń jáde lọ sí Èkó. Ìjọba Èkó pẹ̀lú fẹ́ owó tirẹ̀, ó sì rán àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ wọ ilẹ̀ tí àwọn Ẹ̀gbá kà sí tiwọn. Inú ìbínú yìí ni a wà títí di oṣù kẹwàá ọdún 1867, nígbà tí Ifọ́lé ṣẹlẹ̀, tí a wó ilé ìjọsìn, tí a sì lé àwọn òyìnbó oníwàásù kúrò ní ìlú. A máa ń sọ ìtàn Ifọ́lé bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ nìkan ni. Ọ̀rọ̀ owó ibodè wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Èkejì súnmọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà ogun tí ó jà láti ọdún 1939 dé 1945, a dá iye lé oúnjẹ, àwọn aláṣẹ sì ń gbẹ́sẹ̀ lé ìrẹsì àwọn obìnrin ọjà ní Abẹ́òkúta. Wọn a gbà á láìsan owó, tàbí ní iye tí ó kéré sí ti ọjà. Àwọn obìnrin náà gbé ẹjọ́ wọn tọ ẹgbẹ́ obìnrin kan tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, aya Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti ti ilé-ìwé Grammar School Abẹ́òkúta, jẹ́ olórí rẹ̀. Àwọn obìnrin onílé-ìwé wọ̀nyí, tí wọ́n ti ń jókòó kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti ìwà ọmọlúwàbí, gbé ọ̀rọ̀ ìrẹsì náà lọ síwájú aláṣẹ, wọ́n sì gbé e sínú ìwé ìròyìn. Ní ọdún 1945 gbígbẹ́sẹ̀ lé ìrẹsì náà dópin. Ẹgbẹ́ náà di ẹgbẹ́ gbogbo obìnrin ìlú ní ọdún 1946. Ọ̀rọ̀ owó-orí àwọn obìnrin ni ó tẹ̀lé e, a kò sì gbàgbé pé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949 Aláké Ọba Ladapo Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀, kí ó tó padà ní ọdún 1950. Kóńgò ìrẹsì ni ó bẹ̀rẹ̀ ohun tí ó dé ẹsẹ̀ ìtẹ́.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ ni pé owó ọjà gbọ́dọ̀ ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Kí àgbẹ̀ san án lẹ́ẹ̀kan, kí ó gba ìwé ẹ̀rí, kí ẹnikẹ́ni má sì tún bi í léèrè mọ́ ní ọjọ́ náà: kì í ṣe ọmọ onílẹ̀, kì í ṣe ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀, kì í ṣe àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò. Kí àwọn alákòóso lọ bá ìjọba ìbílẹ̀ ṣe àdéhùn yìí kí ọjà tó bẹ̀rẹ̀, kí ó má jẹ́ lẹ́yìn tí ìjà ti dé. Kí owó náà má ju ohun tí àgbẹ̀ lè yọ nínú àtẹ rẹ̀ kí inú rẹ̀ má bàjẹ́. Kí a sì kọ ohun tí a gbà àti ohun tí a fi ṣe sí ara pátákó, kí gbogbo ènìyàn rí i: èyí tí a fi gbálẹ̀, èyí tí a fi gbẹ́ kànga, èyí tí a fi ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Owó tí a kò rí iṣẹ́ rẹ̀ ni àgbẹ̀ ń pè ní owó ìrẹ́jẹ, bí ó tilẹ̀ kéré.

V. ÒṢÙWỌ̀N

Nígbà àtijọ́, àgbẹ̀ lè gbé irè oko rẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà, kí ó to òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti fi iye owó hàn, kí ó sì bá ọ̀nà oko lọ. Ẹni tí ó bá ń kọjá yóò mú ọjà, yóò sì fi owó ẹyọ lélẹ̀ ní iye òkúta náà. Kì í ṣe pé olè kò sí ní ayé ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mú ọjà láìsan owó ti ja ìlú lólè, kì í ṣe àgbẹ̀ náà nìkan.

Ní ọjọ́ tiwa, kóńgò ni a fi ń wọn gààrí, ẹ̀wà àti ìrẹsì, gbogbo wa ni a sì mọ ohun tí ojú kóńgò ti rí. Ẹlòmíràn a tẹ ìdí rẹ̀ wọnú. Ẹlòmíràn a fi nǹkan tẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó ń rà ní oko a mú kóńgò gbàǹgbà lọ, a sì mú kékeré wá sí ọjà. Irú èyí ni ẹ̀sùn tí wòlíì Ámósì fi kan àwọn oníṣòwò Ísírẹ́lì: wọ́n ń dín òṣùwọ̀n kù, wọ́n sì ń fi ìwọ̀n ẹ̀tàn rẹ́ ènìyàn jẹ. Àgbẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ jẹ ìyà rẹ̀, nítorí a fi èyí tí ó tóbi wọn tirẹ̀. Ẹni tí ń jẹun ni ó jẹ èkejì.

Oògùn rẹ̀ kò le. Kí àwọn alákòóso ra kóńgò kan tí ó pé, kí wọ́n fi àmì sí i, kí wọ́n sì gbé e sí ibi tí wọ́n ń jókòó. Kí wọ́n ra òṣùwọ̀n oníkìlò kan pẹ̀lú fún iṣu àti ẹran. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní iyèméjì, kí ó gbé ohun tí ó rà wá, kí a tún un wọ̀n ní ojú gbogbo ènìyàn, láìgba kọ́bọ̀. Ọlọ́jà tí òṣùwọ̀n rẹ̀ bá kù, kí ó fi kún un. Bí ó bá tún ṣe é, kí ó yẹra fún ọjà mẹ́ta. Èènì kì í ṣe ohun tí òfin lè pa láṣẹ, oore ni. Ṣùgbọ́n níbi tí òṣùwọ̀n bá ti pé, èènì a máa dùn mọ́ ẹni tí a fún, nítorí ó mọ̀ pé kì í ṣe ohun ìní òun ni a bù padà fún òun.

VI. BÍ A TI LÈ BẸ̀RẸ̀

Ẹ jẹ́ kí a kó ọ̀rọ̀ náà jọ ní ọ̀nà tí olùkọ́ kan tàbí àgbà ìjọ kan lè fi ṣiṣẹ́.

Èkínní, kí ó ká gbogbo oko tí ó wà ní ìwọ̀n ìrìn wákàtí méjì, kí ó sì kọ ohun tí ẹnìkọ̀ọ̀kan ń gbìn àti oṣù tí ó ń jáde. Bí àgbẹ̀ ogún bá lè ṣèlérí pé àwọn yóò wá, ọjà ti wà. Bí ogún kò bá pé, kí ó dúró kí ó tún bẹ̀ wọ́n. Ọjà tí kò ní ẹrù kò lè fa olùrà.

Èkejì, kí ó bá Baálẹ̀ àti ìdílé tí ó ni ilẹ̀ sọ̀rọ̀, kí a sì kọ àdéhùn ilẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú ìwé ìwọ̀n ilẹ̀. Ní ẹkùn tí ilẹ̀ ti gbówó lórí bí ti Arẹpo àti Mowé, ọjà tí a dá sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹnu lè di ilé gbígbé ní ọjọ́ tí àgbà tí ó fi í sílẹ̀ bá kú.

Ẹ̀kẹta, kí a dá ọjọ́, kí a sì kéde rẹ̀ ní ilé ìjọsìn, ní mọ́ṣáláṣí, ní ilé-ìwé àti ní ibùdó ọlọ́kadà fún oṣù kan gbáko kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ọjà kò ní ẹ̀sìn; ọjà tí a bá fi orúkọ ìjọ kan pè yóò sọ ìdajì olùrà rẹ̀ nù.

Ẹ̀kẹrin, kí a ṣe òfin lórí àwọn alágbàtà. Wọn kì í ṣe ọ̀tá. Àwọn ni wọ́n ń kó ohun tí ó ṣẹ́kù lọ sí Èkó, láìsí wọn, púpọ̀ nínú irè oko ni yóò jẹrà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe lọ pàdé ẹrù ní ojú ọ̀nà, kí a sì fi wákàtí méjì àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí ń ra ohun tí yóò jẹ. Lẹ́yìn náà ni kí alágbàtà wọlé. Nígbà náà ni àgbẹ̀ yóò ti mọ iye tí ọjà rẹ̀ ń lọ, kò sì ní tà á bí ẹni tí ojú ń pọ́n.

Ẹ̀karùn-ún, kí olùkọ́ máa kọ iye owó ohun kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ọjà. Ìwé Ìròhìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859 kò ka ìròyìn òwú àti òwò sí ohun tí kò yẹ ìwé ìjọ; kí ó má ṣe ti àwa náà lójú. Lẹ́yìn ọdún kan, ìwé kékeré yẹn yóò fi hàn àgbẹ̀ oṣù tí àgbàdo ń pọ̀ tí owó rẹ̀ ń wálẹ̀, àti oṣù tí ó yẹ kí ó ti gbìn ín.

Ẹ̀kẹfà, kí a gbin igi. Igi ọdán méjì tàbí mẹ́ta yóò ṣe ìbòòji fún àwọn ọmọ àwọn tí ń pàtẹ lónìí. Títí wọn yóò fi dàgbà, imọ̀ ọ̀pẹ lórí òpó igi tó. Ìsọ̀ onípáànù kò yẹ kí ó ṣáájú ọdún kejì. Nígbà náà ni a ó mọ iye ọlọ́jà tí ó dúró, àwọn fúnra wọn yóò sì sọ ibi tí ó yẹ kí a kọ́ ọ sí.

Ó lè jẹ́ pé àwọn kan yóò wí pé ọ̀rọ̀ yìí kéré jù, pé kí ni kóńgò kan àti ìgbà 52 ní ọdún lè ṣe sí ìlú ńlá tí ń bọ̀ wá bo gbogbo ẹkùn yìí. A dáhùn pé kò sí ọjà ńlá kan ní ilẹ̀ Yorùbá ìgbèríko tí kò ti kéré bẹ́ẹ̀ rí. Kò sí ẹni tí ó lè dá ìlú dúró kí ó má gbòòrò mọ́. Ṣùgbọ́n ìlú tí ó gbòòrò tí ó sì fi àyè sílẹ̀ kí àgbẹ̀ àti ẹni tí ń jẹun lè rí ojú ara wọn, yóò máa jẹ oúnjẹ ilẹ̀ ara rẹ̀. Èyí tí kò fi àyè sílẹ̀ yóò ra oúnjẹ ní ọ̀nà jíjìn, ní iye tí ẹlòmíràn dá, yóò sì máa sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé, ní ibi tí wọ́n kọ́ ilé yìí sí, ìrẹsì ni a ń gbìn rí.